Meall Fuar-mhonaidh: òkè tí àwọn tó ń wá Nessie kì í gbójú sókè wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Munro, ìyẹn àwọn òkè Skọ́tílándì tó ga ju mítà 914 lọ, ẹ lè fojú fo èyí: mítà 699 péré ni. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nìyẹn, torí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀. Nísàlẹ̀, ní Drumnadrochit, abúlé kan nítòsí adágún Loch Ness, bọ́ọ̀sì ń já àwọn tó wá wo Nessie, ẹ̀dá abàmì tí wọ́n ní ó ń gbé inú adágún náà, sílẹ̀ wìtìwìtì, omi lásán ni wọ́n sì ń rí. Lókè níbí, afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ lẹ máa bá.

Grotaig lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò tó gòkè débẹ̀ tín-ín-rín, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ; tí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ẹnì kan á ṣe rífáàsì. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò tóbi, ẹ tètè jí. Látibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan lẹ máa gbà, lábẹ́ igi birch àti hazel. Ẹ gbádùn ibẹ̀ dáadáa, torí tẹ́ ẹ bá ti fi àkàbà onígi kọjá wáyà tí wọ́n fi ń dènà àgbọ̀nrín, ẹrẹ̀ dé.

Ẹrẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré o! Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, omi kì í tán nínú ẹ̀. Ẹ ó rò pé koríko lẹ tẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ mì dé ọrùn ẹsẹ̀, á sì dún "pọ̀ọ̀" bẹ́ ẹ bá fà á yọ. Kẹ́ńfáàsì ò lè ṣe é.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òkè náà ń tanni. Ẹ ó mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ó ní ẹ ti dé góńgó, àfi kẹ́ ẹ rí ibòmíràn tó ga jù ú lọ níwájú. Ẹ má dúró. Láti góńgó gan-an, Loch Ness lọ gbọọrọ lábẹ́ yín. Àfonífojì Great Glen, níbi tí ilẹ̀ ti là láyé àtijọ́, tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, tójú ọjọ́ bá sì mọ́, ẹ ó rí Ben Nevis, òkè tó ga jù ní Skọ́tílándì, lọ́ọ̀ọ́kán.

Àlọ àtàbọ̀ ò ju bíi kìlómítà 10 lọ, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà padà. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Ẹrẹ̀ ló gba ìkan tó kù. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru lẹ fẹ́ lọ, ẹ wá nǹkan pa ara nítorí midge, kòkòrò kéékèèké tó ń jẹni, kẹ́ ẹ sì yẹ ẹsẹ̀ yín wò bóyá eégbọn wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀.