Bíà ìgbà òtútù: àwọn tí mo máa ń rà ní Cleveland bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Bí atẹ́gùn adágún Erie bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ni létí bí abẹ, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó fẹ́ràn bíà níbí máa ń bi ara wọn: "Ṣé Christmas Ale ti jáde?" Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ti ilé ìpọntí wo. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí kéékèèké ní Amẹ́ríkà ló ní bíà tí wọ́n ń pọn fún ìgbà òtútù nìkan. Bó bá ti tán, ó di àmọ́dún. Àwọn tí mo máa dárúkọ wọ̀nyí, owó ara mi ni mo fi rà wọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ilé ni mo ti mu wọ́n, pẹ̀lú oúnjẹ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Great Lakes Brewing Company ló ń pọn Christmas Ale. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Patrick àti Daniel Conway, ló dá ilé ìpọntí náà sílẹ̀ ní 1988 ní àdúgbò Ohio City, nítòsí ọjà West Side Market. Ní 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ pọn ọtí yìí. Oyin, atalẹ̀ tútù àti cinnamon (èèpo igi olóòórùn dídùn kan) ni wọ́n ń fi sí i, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ lè mọ ibi tí ìyẹn dé, Guinness dúdú tí wọ́n ń pọn ní Nàìjíríà, tí àwọn bàbá wa ń fi ìgò ńlá mu, 7.5 ni òun náà. Nítorí náà, kì í ṣe ọtí tí a ń mu bí omi.

Bí mo bá dà á sínú ife, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Cinnamon ló máa ń kọ́kọ́ kan ènìyàn nímú, oyin á tẹ̀ lé e. Atalẹ̀ kì í yọjú títí ọtí yóò fi dé ọ̀fun. Níbẹ̀ ni yóò ti ta díẹ̀, bíi kúnú tí atalẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí àyà á sì móoru. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún, mo kàn jókòó ni, mi ò lè sọ̀rọ̀, torí ìyá àgbà mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọtí ọkà ni ìyá àgbà máa ń pọn tà ní Ṣakí. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sínú omi mọ́jú, wọ́n á dà á sórí ewé, wọ́n á fi ewé mìíràn bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hu ẹ̀hù funfun tín-ín-rín. Ìgbà náà ni wọ́n á tó sá a sóòrùn, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sè é. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà níbí ni mo tó mọ̀ pé ohun tí òyìnbó ń ṣe sí ọkà bálì nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á fi ooru dá ẹ̀hù náà dúró, omi gbígbóná á wá sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà tí ìwúkàrà máa jẹ. Ọtí ìyá àgbà ní adùn kan tó máa ń kù sí ìdí ahọ́n, bí ìdí búrẹ́dì tó jó díẹ̀. Adùn yẹn ni mo bá pàdé lábẹ́ oyin àti atalẹ̀ nínú Christmas Ale, ní ìlú tí mi ò ní ẹbí kankan sí nígbà náà.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí Cleveland, wọ́n máa ń fi ṣúgà àti cinnamon yí ẹnu ife ká kí wọ́n tó bu ọtí náà sí i. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi sí tiyín. Ṣúgà yẹn máa ń bo atalẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, atalẹ̀ ló sì ń gbà á lọ́wọ́ adùn àdùnjù. Àṣìṣe kan tí mo rí nínú ọtí náà nìyẹn: adùn rẹ̀ pọ̀. Ìgò méjì ni mo máa ń mu, mi ò jẹ́ mu ẹ̀kẹta. Àmọ́ ẹ fi mu tọ̀lótọ̀ló díndín tí ata rodo bò lára wò. Oyin inú rẹ̀ á rọ ata náà lójú, ata á sì gé adùn rẹ̀ kù. Láti ọdún tí mo ti gbé e sórí tábìlì fún Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn àlejò mi ò tún gba ọtí mìíràn mọ́.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn, Celebration ti Sierra Nevada ni màá mú, mi ò ní wo ẹ̀yìn.

Chico, ní California, ni ilé ìpọntí Sierra Nevada ti bẹ̀rẹ̀ ní 1980, Ken Grossman sì ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1981, ni wọ́n kọ́kọ́ pọn Celebration. Bébà pupa ara rẹ̀ àti ilé kékeré tó wà nínú yìnyín lórí rẹ̀ ló ń mú àwọn ènìyàn rò pé atalẹ̀ àti cinnamon ló wà nínú rẹ̀. Kò sí èròjà ọbẹ̀ kankan níbẹ̀. Hops ni wọ́n fi ṣe é, hops tuntun.

Fún ẹni tí kò tíì rí hops rí: ewéko kan ni, tó ń fà gun okùn bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá. Òdòdó rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ó sì rí roboto bí ìṣù kékeré. Òun ló ń fún bíà ní kíkorò àti òórùn. Oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ni wọ́n ń kórè rẹ̀, àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington sì ni ibi tó pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ bíà ni a ń fi hops tó ti wà nípamọ́ fún oṣù púpọ̀ pọn. Ti Celebration, àkọ́so ọdún náà ni. Bí wọ́n bá ti kó o, tí wọ́n sá a, kíá ni wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìpọntí. Mẹ́ta ni irú rẹ̀ tó wà níbẹ̀: Cascade, Centennial àti Chinook. Agbára ọtí náà jẹ́ 6.8.

Ẹ fi èékánná ha èèpo ọsàn, kí ẹ gbé ọwọ́ sí imú. Òórùn tó bá jáde nígbà yẹn ni òórùn Celebration tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, àfi bíi pé oje igi tútù tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó korò o. Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi, kọ́kọ́ gbé ife náà sílẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí Kérésì tìẹ korò báyìí?" Mo ní kó mu un lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ̀rọ̀. Kíkorò obì ni, kì í ṣe ti ewúro: bó bá ti kọjá, ohun tó kù lẹ́nu á di adùn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a fi mu àsun tí mo fi ẹran ewúrẹ́ ṣe. Kíkorò hops máa ń jẹ́ kí ata ta ni lẹ́nu sí i, ẹni tí kò fẹ́ràn ata kó má fi mu àsun. Ní tèmi, ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Bàbá Ìbejì ló gbé ìgò tó kẹ́yìn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ọtí yìí o. Ní ọdún kan, mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tọ́jú páálí kan sí básímẹ́ńtì di Kérésì ọdún kejì. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn ọsàn ti lọ tán. Adùn ọkà tó jó nìkan ló kù, àti kíkorò kan tó le gbagidi. Inú mi bàjẹ́. Àkọ́so hops ni mo tìtorí rẹ̀ ra ọtí yẹn, òórùn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fi ìgò sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ra Celebration, mo máa ń wo ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò. Mo sì máa ń mu ún tán kí oṣù kejì tó parí.

Nígbà mìíràn, ṣọ́ọ̀bù kan ta bíà kan fún mi tí ìgò rẹ̀ mọ́ gaara. Ojú fèrèsé ni wọ́n tò ó sí, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Mo délé, mo ṣí i, òórùn ẹtà ló kọ lù mí! Mi ò lè gbé e mì. Ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba ohun tó ń mú hops korò jẹ́, á sì sọ ọ́ di òórùn burúkú. Ìgò tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ máa ń dènà rẹ̀ dé ìwọ̀n, agolo ò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé rárá. Ẹ má ra bíà tó ti ń yáàrùn lójú fèrèsé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Àwọn tó le, tí wọ́n ní adùn ọkà, ló ṣeé tọ́jú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni St. Bernardus Christmas Ale, láti Watou ní ilẹ̀ Belgium. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó dúdú bí omi ṣúgà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ sun jó, ìfófòó rẹ̀ sì máa ń nípọn, tí yóò lẹ̀ mọ́ ara ife. Ọtí yìí ló là mí lóye nípa fíríìjì. Bí a ṣe ń mu bíà nílé ní Nàìjíríà, bó bá ṣe tutù tó ló dára tó, torí oòrùn ń pa wá. Mo gbé àṣà yẹn wá síbí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo da ìgò St. Bernardus kan sínú ife méjì. Mo dá ọ̀kan padà sínú fíríìjì, mo fi èkejì sílẹ̀ lórí tábìlì fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìyàwó mi kì í mutí, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Mo ní kó gbóòórùn méjèèjì. Ó ní, "Bàbá Tọ́lá, ọtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ gbé fún mi." Mo ní ọ̀kan náà ni. Kò gbà, àfìgbà tí mo fi ìgò hàn án. Èyí tó wà nínú fíríìjì kò rùn ju omi ṣúgà lọ. Èyí tó wà lórí tábìlì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, àjàrà gbígbẹ, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ààrò, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òtútù ti dí imú ọtí pa. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí bíà ìgbà òtútù tí mo ń mu ní dídì mọ́, Celebration pàápàá máa ń jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mad Elf ti Tröegs, láti Hershey ní Pennsylvania, oyin àti èso ṣẹ́rì ni wọ́n fi sí i. Ó pupa dáadáa, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 11, bẹ́ẹ̀ ẹnu ò ní sọ fún yín pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rà á fún àwọn tó sọ pé àwọn ò fẹ́ràn bíà. Èmi ò lè mu ju ife kan lọ.

Samichlaus ní tiẹ̀ kì í ṣe ọtí àmupara. Orúkọ tí àwọn ará Zurich ń pe Bàbá Kérésì ni. Ilé ìpọntí Hürlimann níbẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ìyẹn fi í sílẹ̀, Schloss Eggenberg ní Austria gbà á. Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún ni wọ́n ń pọn ún, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, tó jẹ́ ọjọ́ Nicholas Mímọ́. Ọtí náà á wá sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá kó tó wọ ìgò. 14 ni agbára rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìfófòó, ó ki bí omi oyin. Ènìyàn mẹ́rin la máa ń pín ìgò kékeré kan lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú ṣin-ṣín tí kò dùn jù.

Ọ̀kan wà tí mi ò rí rà mọ́, ó sì ń dùn mí. Láti 1975 ni Anchor ní San Francisco ti ń pọn bíà Kérésì tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni èròjà rẹ̀ ń yí padà, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń ya igi tuntun sára ìgò rẹ̀. Ní 2023 wọ́n ti ilé ìpọntí náà pa. Ìgò òfìfo mẹ́rin wà lórí pẹpẹ ìwé mi, igi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n nù.

Lọ́dún yìí, páálí Christmas Ale méjì ni mo máa rà, torí Bàbá Ìbejì á gba ọ̀kan, àti Celebration kan tí ọjọ́ rẹ̀ bá ṣì tuntun. St. Bernardus mẹ́ta ti wà ní básímẹ́ńtì, mo kọ ọdún tí mo rà wọ́n sórí ìdérí. Èyí tó dàgbà jù, 2021 ni mo kọ sí i. Òun la máa ṣí lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, tí ẹran àgbò bá ti jinná. Agogo méje la máa jẹun. Agogo mẹ́fà ni màá gbé e gòkè wá.