Bíárìn nìkan, knuckle àlòkù, tàbí knuckle tuntun? Ìfiwéra fún ẹni tí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ń kùn

Nígbà tí bíárìn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ (ohun tó ń jẹ́ kí táyà yí wẹ́rẹ́) bá ti jẹ, ohun mẹ́ta ni ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lè gbé síwájú yín. Èkíní ni bíárìn nìkan, tí ẹnìkan yóò tẹ̀ wọnú knuckle àtijọ́ yín, ìyẹn irin ńlá tó di bíárìn mú lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Èkejì ni knuckle àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn tòun ti họ́ọ̀bù (irin tí a ń de táyà mọ́) àti bíárìn inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta sì ni knuckle tuntun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti to họ́ọ̀bù àti bíárìn sí pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra bíárìn nìkan fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, díẹ̀ ló kù kí n ra àlòkù, knuckle tuntun ló sì wà lábẹ́ ọkọ̀ mi báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tí bíárìn ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a ń fi bóòlùtù dè mọ́ knuckle, nítorí pé onítọ̀hún yóò tú u, yóò de òmíràn síbẹ̀, wàhálà rẹ̀ kò sì ní ju bóòlùtù tó bá ti dípẹtà lọ.

Kí owó tó jáde

Ẹ jẹ́ kí ó dá yín lójú ná pé bíárìn ni ó ń ṣe ọkọ̀ yín. Ìró àti gbígbọ̀n kì í ṣe àìsàn kan náà, bí ẹsẹ̀ kan náà tilẹ̀ ni méjèèjì ti ń wá. Kíkùn ni bíárìn tó ń jẹ máa ń kọ́kọ́ kùn, bí oyin inú ihò igi. Kíkùn náà máa ń lọ sókè bí eré ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bí ẹ bá sì gbé jíà sí fíríì lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì dá, kò ní dákẹ́, nítorí pé ẹsẹ̀ ló ń bá rìn, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó di ìgbà tí ó bá ti jẹ kọjá ààlà kí ó tó máa mú ọkọ̀ gbọ̀n. Nítorí náà, bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín ní ìwọ̀n eré bíi 80 sí 110 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kò sì sí ìró kankan, bálánsì táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísíìkì, àwo irin tí bíréèkì ń fún mọ́, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Èyí tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, oríkèé ti ẹ̀gbẹ́ táyà lára ṣáàfùtù, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí táyà, ni. Èyí tó bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn, tó sì fara balẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, oríkèé ti ẹ̀gbẹ́ jíà ni ó sábà máa ń jẹ́.

Táyà tó jẹ ségesège nìkan ni ó lè tan yín jẹ gan-an, nítorí pé òun náà ń kùn bíi bíárìn. Ẹ gbé táyà iwájú sẹ́yìn kí ẹ sì gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Bí ìró náà bá bá táyà lọ sẹ́yìn, owó bíárìn yín kò gbọdọ̀ jáde. Ní ti mímọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dún, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí yín nìkan, nítorí pé ara ọkọ̀ máa ń gbé ìró ti òsì lọ sí ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ń yà sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ìwúwo rẹ̀ máa ń rọ̀ sí. Bí kíkùn náà bá lágbára sí i nígbà náà, ọ̀tún ni kí ẹ fura sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ fi àtìlẹ́yìn irin sábẹ́ ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ kan lé sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì yí táyà. Bíárìn tó ti jẹ yóò máa rìn yín lọ́wọ́ gba ara sípíríǹgì náà, bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú ọlọ.

Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ wọlé

Níbí ni owó mi ti rì, mo sì máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Inú bíárìn ni bọ́ọ̀lù irin wà láàárín òrùka méjì, ojú irin tí wọ́n ń yí lé lórí sì dán bíi dígí. Òfin méjì péré ni ó wà fún títẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ wọnú knuckle, òrùka ìta ni kí agbára lọ sí. Nígbà tí a bá sì ń tẹ họ́ọ̀bù wọnú bíárìn, òrùka inú ni a gbọ́dọ̀ fi irin gbé dúró láti ẹ̀yìn. Bí a bá ṣe é lódì, àwọn bọ́ọ̀lù ni agbára náà yóò gbà kọjá láti òrùka kan sí èkejì, wọn yóò sì tẹ ojú irin náà wọlé bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ẹrẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i láti òde, bíárìn náà yóò sì yí wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí a fi í sí i.

Ẹni tó bá mi ṣe ti àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀. Òòlù ló fi gbá a wọlé, mo sì dúró tì í tí mo ń kí i kú iṣẹ́. Ọkọ̀ náà dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kíkùn tún bẹ̀rẹ̀, mo sì lọ bá ẹni tó ta bíárìn fún mi jà pé ayédèrú ni ó tà. Nígbà tí a tú u, àpá àwọn bọ́ọ̀lù náà tò tẹ̀léra lójú òrùka bí ilẹ̀kẹ̀ tí a sín. Mo jẹ ọkùnrin náà ní gbèsè ìdáríjì, mo sì ti san án.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọ̀gbọ̀n mìíràn ń dúró dè mí. Ìdajì òrùka inú ti bíárìn tó jẹ kì í fẹ́ kúrò lára họ́ọ̀bù. Wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ gé e, abẹ ẹ̀rọ náà sì dá egbò sí ibi tí bíárìn tuntun yóò jókòó lé. Lẹ́yìn èyí ni iná ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì) tàn, kò sì kú. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú síìlì (ìdérí tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé) apá kan bíárìn ni òrùka mágínẹ́ẹ̀tì tí sẹ́ńsọ̀ ABS ń kà láti mọ eré táyà wà, ojú méjèèjì bíárìn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra bí ìbejì. Wọ́n ti yí ojú rẹ̀ síbi tí sẹ́ńsọ̀ kò sí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan ni ó jẹ́ láti dá a mọ̀, nítorí pé ojú tó ní mágínẹ́ẹ̀tì yóò fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú abẹ́rẹ́ wá. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, bíréèkì ọkọ̀ tó jẹ́ pé kíkùn nìkan ló ń kùn tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dísíìkì tuntun tí mo rà kò wò ó sàn, nítorí pé òòlù ọjọ́sí ti tẹ ojú họ́ọ̀bù. Ojú họ́ọ̀bù ni dísíìkì jókòó lé, bí ó bá sì fi bíńtín wọ́, wíwọ́ náà yóò pọ̀ sí i ní etí dísíìkì.

Nínú gbogbo èyí, kò sí èyí tó lè ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú knuckle tí ilé iṣẹ́ ti tò, nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tẹ̀, kò sí ohun tí yóò gé, họ́ọ̀bù rẹ̀ tuntun, òrùka mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti kọjú síbi tó yẹ.

Àwọn ìyókù

Owó bíárìn nìkan ni ó kéré jù, ti knuckle tuntun ni ó ga jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi owó títẹ̀ kún ti bíárìn kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Bíárìn kan náà ni ọ̀tún àti òsì sábà máa ń lò. Knuckle ní tọ̀tún, ó ní tòsì. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe knuckle títò fún. Bíárìn tó wà nínú knuckle tuntun kò sì ní dára ju ilé iṣẹ́ tó tò ó lọ, nítorí náà ẹ yẹra fún èyí tí kò ní orúkọ lára. Ní ti àlòkù, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì fi òòlù kàn án lóòótọ́, àmọ́ ẹ kò mọ ọdún tí bíárìn rẹ̀ ti lò, ẹ kò sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀ ti forí gbá nǹkan rí; fífi ọwọ́ yí i lórí tábìlì kò tó láti fọkàn balẹ̀, nítorí pé èyí tí kò tíì jẹ púpọ̀ lè dákẹ́ títí ìwúwo ọkọ̀ yóò fi mú un sọ̀rọ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, nọ́ọ̀tì ṣáàfùtù tuntun ni kí ẹ lò, kí wọ́n fi sípánà tó ń ka agbára dè é dé iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sílẹ̀, kí ọkọ̀ má sì fi ẹsẹ̀ náà rìn kí wọ́n tó dè é tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títọ́ ojú táyà.

Èwo ni kí ẹ rà?

Olúkúlùkù ni tirẹ̀. Bíárìn nìkan tó fún ẹni tó mọ oníṣẹ́ kan tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, tó ní àwọn òrùka irin tó bá ìwọ̀n bíárìn náà mu, tó lè fi ọwọ́ hàn yín níbi tí yóò ti gbé òrùka inú dúró, tí yóò yẹ ojú mágínẹ́ẹ̀tì wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì wọn ojú họ́ọ̀bù tàbí kí ó fi tuntun sí i. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ra bíárìn, kí ẹ fi ìyókù owó yín ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tí kò bá ní in, ẹ jẹ́ kí ó ra knuckle tuntun. Àlòkù wà fún ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ láìpẹ́, ẹni tí yóò sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni àánú ń ṣe mí fún.

Tèmi ti rin ju 40,000 kìlómítà lọ láìkùn, iná ABS sì ti kú. Knuckle àtijọ́ náà ṣì wà nínú búùtù ọkọ̀ mi. Òun ni mo fi ń há táyà ẹ̀yìn nígbàkigbà tí mo bá gbé iwájú sókè.