Airbrush àti Fóòmù: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Kun Ojú Lójoojúmọ́ n'Ìbàdàn?

Ọ̀pọ̀ obìnrin n'Ìbàdàn ló jẹ́ pé ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí airbrush, nígbà tí ẹni tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù fún ìyàwó ń fín fàǹdéṣọ̀n sí i lójú láìfọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá wá rí i pé ojú ìyàwó ṣì ń jọ̀lọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ooru inú gbọ̀ngàn àti gbogbo ijó tí wọ́n jó, ó máa ń wù wọ́n láti ra tiwọn sílé. Àmọ́ ojú ìyàwó ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ojú tí a ń kun láti Ajé títí dé Ẹtì, ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á gbé yẹ̀wò kí ó tó náwó.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú airbrush: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré tó ń ti afẹ́fẹ́, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà kọjá, àti ọ̀pá kan tó tóbi tó bírò, tó ní ife kékeré tí a ń kán fàǹdéṣọ̀n sí. Abẹ́rẹ́ kan dí ihò tóóró ẹnu ọ̀pá náà. Bí a bá fa abẹ́rẹ́ yìí sẹ́yìn, fàǹdéṣọ̀n á jáde, afẹ́fẹ́ á sì fọ́n ọn ká wínníwínní. Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń balẹ̀ sára, kì í nípọn, àwọ̀ ara ẹni á sì ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Fóòmù tí a fi ń kun ojú àti búrọ́ọ̀ṣì ní tiwọn ń tẹ fàǹdéṣọ̀n mọ́ ara ni, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti fi wọ́n bo ojú ibi tí àpá wà nìkan.

Ẹni tí irorẹ́ ti fi àpá dúdú sílẹ̀ fún á ṣì ní láti fi ìka tàbí búrọ́ọ̀ṣì kun concealer, ìyẹn ìkunjú tó nípọn tí a fi ń bo àpá, sórí àwọn àpá náà kí ó tó fín airbrush lé e, àkókò tó sì rò pé òun á fi pamọ́ á ti lọ. Ṣùgbọ́n bí irorẹ́ bá ṣì wà lójú, tó ń dunni, airbrush ni mo fara mọ́, torí pé kò sí ohun tó ń fi ara kan ojú, kò sì sí fóòmù tí a kò fọ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí àná padà wá. Lásìkò ọyẹ́, bí ara bá ń ṣí, fàǹdéṣọ̀n tí a fín máa ń dúró lórí èépá náà ni, kò sì ní fi í pamọ́; ìpara gbọ́dọ̀ ti wọ ara dáadáa ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun sì ni àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Fífín in kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bí a bá ti parí, a gbọ́dọ̀ fi omi tàbí oògùn ìfọ̀ rẹ̀ ṣan ife, ihò àti abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí pé fàǹdéṣọ̀n tó bá gbẹ sínú ihò yẹn á dí i. Fóòmù náà ń fẹ́ fífọ̀, ṣùgbọ́n ó lè dúró di ìgbà tí a bá dé láti ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń ti Mọ́níyà lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi láàárọ̀, tó tún ní ọmọ láti múra fún, mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí.

Ní ti iná, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mékọ́ọ̀pù kì í jẹ iná púpọ̀, íńfátà kékeré lè gbé e. Ẹ kàn rí i dájú pé ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀ ni 100 sí 240 fóltì (V), torí pé iná Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi 120, tiwa sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Àwọn oníbátìrì tí kò ní wáyà dà bí ẹni pé àwọn ló yẹ wá jù nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, ṣùgbọ́n ojú kò nílò agbára afẹ́fẹ́ tó ju 5 sí 15 PSI lọ (PSI ni òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ti 20 sí 30, àwọn mìíràn kò sì ṣeé dín kù. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra èyí tí kò ní ohun tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ kù.

Fàǹdéṣọ̀n inú ìgò tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣeé dà sínú ife yẹn. Ó nípọn jù, á dí ihò. Ti airbrush ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi omi pò fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fọ̀, àmọ́ bí òógùn bá ṣàn án tí a sì fi aṣọ nù ún, ojú ibẹ̀ á hàn. Èyí tí wọ́n fi silikóònù pò ń fara da òógùn jù ú lọ, ó sì ń fẹ́ oògùn ìfọ̀ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọtí (alcohol) pò kì í ṣe fún ojú ojoojúmọ́ rárá, ó máa ń gbẹ ara.

Ibi tí fóòmù ti borí pátápátá ni yíyan àwọ̀. Ní Dùgbẹ̀ tàbí Bódìjà, ẹ lè fi fàǹdéṣọ̀n Zaron, House of Tara tàbí Black Opal ra ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ jáde síta wò ó nínú oòrùn, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò. Fàǹdéṣọ̀n ti Temptu, Dinair tàbí Luminess, àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sábà máa ń wò yàn án, èyí tó bá sì mọ́ ju ara lọ á jẹ́ kí ojú dúdú funfun bí eérú. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó ra àwọ̀ méjì tó sún mọ́ra, kí ó máa pò wọ́n nínú ife.

Ẹni tó ní ikọ́ fée, kí ó dúró ti fóòmù, torí pé inú afẹ́fẹ́ ni airbrush ń fọ́n fàǹdéṣọ̀n sí. Ẹni tó ń kun gbogbo ojú lójoojúmọ́, tí ara rẹ̀ kò ní àpá púpọ̀, tó sì ní sùúrù láti fọ ẹ̀rọ láràárọ̀, airbrush oníwáyà á sìn ín dáadáa. Bó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n fi omi lásán fín in níwájú yín sórí bébà. Bí omi náà bá tàn ká wínníwínní, ẹ lè bá wọn náà á. Bó bá ń kán tóótó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ tàbí ihò rẹ̀ ti dí, ẹ má san owó.