Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe fi owó ra «Àpò Ìmọ̀ Olùbẹ̀rẹ̀» fún Elite Dangerous, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń gbá géèmù Elite Dangerous, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. ₦38,000 ni mo san fún ohun tí gbogbo ayé ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ni mo tún fi ọwọ́ ara mi kó páásíwọ́ọ̀dù mi lé olè lọ́wọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí èmi ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn àbúrò mi nípa gbájú-ẹ̀, èmi ni mo sì máa ń sọ pé olójúkòkòrò nìkan ni wọ́n ń rí mú. Ojúkòkòrò kọ́ ló mú mi. Àìmọ̀ ló mú mi, ẹ ó sì rí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbá géèmù yìí rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ Frontier Developments ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní ọdún 2014, láti ara Elite àtijọ́ ti ọdún 1984. Wọ́n gbé gbogbo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Milky Way sínú kọ̀ǹpútà, nǹkan bí 400 bílíọ̀nù ìràwọ̀ àti àwọn ohun tó ń yí wọn ká, wọ́n wá fún olùbẹ̀rẹ̀ ní ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí ń jẹ́ Sidewinder àti owó géèmù 1,000, pé kí ó máa lọ ṣòwò. Ibo ni wọ́n ti ń ta kí ni? Èló ni wọn yóò rà á ní ibòmíràn? Ṣé ọkọ̀ mi lè balẹ̀ níbẹ̀? Bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní àárín ọjà Bódìjà ni olùbẹ̀rẹ̀ ṣe ń rí. Ìdí nìyí tí àwọn àfikún tó ń fúnni ní ìsọfúnni fi wà: èyí tó ń sọ iye ọjà, èyí tó ń sọ bí ibùdó ṣe jìnnà tó, èyí tó ń fi ohùn sọ ohun tó ń lọ nínú ọkọ̀ sí awakọ̀ létí. Irú wọn ni mò ń wá. Kò sí ohun tó burú nínú kí olùbẹ̀rẹ̀ wá ìrànlọ́wọ́.

Ọkùnrin tó ta «Àpò Ìmọ̀ Olùbẹ̀rẹ̀» fún mi ló kàn sí mi fúnra rẹ̀ lórí WhatsApp, ní ọjọ́ kejì tí mo béèrè ìbéèrè nípa òwò láàárín àwọn tí a jọ ń gbá géèmù. «Ẹ̀gbọ́n mi» ló ń pè mí. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó ní Ìbàdàn ni òun náà ń gbé kí òun tó kó lọ sí Èkó. Ohùn tó ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tutù bí omi àmù, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán mọ́rán. Ó ní òun ti kó gbogbo àfikún tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò jọ sójú kan, òun sì ti kọ àlàyé wọn ní èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: gbólóhùn yẹn ló mú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré, n kò rí ìtọ́sọ́nà géèmù kankan ní èdè ìyá mi rí. ₦45,000 ló kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí mo ní ó ti pọ̀ jù, ó sọ ọ́ di ₦38,000, ó ní nítorí pé ọmọ ìyá ni wá. Inú owó tí mo ń tọ́jú láti fi ra bátìrì tuntun sí inverter ilé wa ni mo ti bù ú. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fi ránṣẹ́, n kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀.

Fáìlì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo tú u, nǹkan mẹ́rin ni mo bá nínú rẹ̀. Èkíní ni ètò kan tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé EDMarketConnector ni. Bí a bá ń gbá Elite Dangerous, géèmù náà fúnra rẹ̀ máa ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tí a bá ṣe sínú fáìlì lórí kọ̀ǹpútà wa, nínú fódà Saved Games, ní ìlà-ìlà tí ojú lè kà. Frontier fúnra wọn ló ṣe ìwé tó ṣàlàyé àkọsílẹ̀ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfikún, nítorí náà kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. EDMarketConnector ń ka àkọsílẹ̀ náà, ó sì ń fi iye ọjà tó wà ní ibùdó tí a bá gúnlẹ̀ sí ránṣẹ́ sí EDDN, ibi tí wọ́n ń kó ìsọfúnni géèmù náà jọ sí, níbi tí àwọn ojú-òpó bíi Inara àti Spansh ti ń rí i gbà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní EDCD, ló ń tọ́jú rẹ̀ lórí GitHub, ojú-òpó tí wọ́n ń kó kóòdù ètò kọ̀ǹpútà sí, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ìwé àṣẹ GPL tí wọ́n fi gbé e jáde kò ka títà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹni tó bá tún un pín fi ìwé àṣẹ náà sí i, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó gbà á mọ ibi tí yóò ti rí kóòdù rẹ̀. Ọkùnrin yìí yọ ìwé àṣẹ, ó pa orúkọ àwọn tó ṣe é rẹ́, ó fi tirẹ̀ sí i. Èkejì ni EDDI, èyí tó ń fi ohùn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ EDCD kan náà ni òun náà ti wá, ọ̀fẹ́ ni, èyí tó sì kó fún mi ti gbó débi pé kò ṣiṣẹ́ rárá. Ọ̀fẹ́! Ohun tí n bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá rí fúnra mi!

Ẹ̀kẹta ni ìwé Yorùbá tó fi tàn mí. Ojú-ìwé mọ́kànlá ni, kò sì sí àmì ohùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. «Wo inu oko re, gbe ibon re wole ki o to fo» ló wà ní ojú-ìwé kejì, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe kọ ọ́, kí òǹkàwé máa bá ara rẹ̀ jà bóyá oko ni, bóyá ọkọ ni, bóyá ọkọ̀ ni. Ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń fa epo lára ìràwọ̀ ló pè ní «igbako epo», bí ẹni pé ọbẹ̀ ni a fẹ́ bù. Ẹ̀rọ ló túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó kà á lẹ́yìn náà. Ó dùn mí ju owó lọ. Ẹni tó mọ̀ pé ebi ìwé Yorùbá ń pa wá, tó wá fi ìyẹn ṣe ìjẹ!

Ìwé yẹn kan náà ló ní kí n máa wo iye ọjà ní EDDB, ojú-òpó kan tó máa ń kó iye ọjà inú géèmù jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú géèmù mọ̀ pé EDDB ti kógbá sílé láti ọdún 2023. Èmi kò mọ̀. Nígbà tí ojú-òpó náà kò ṣí, mo bi í léèrè, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ni kò dára. Mo lọ ra dátà sórí láìnì mìíràn. Kò ṣí. Ó ní kí n ní sùúrù. Ó mọ̀ pé ojú-òpó náà ti kú, ó ń wo bí mo ṣe ń sun owó lórí rẹ̀!

Ìwé náà tún sọ pé gbogbo ìràwọ̀ ló ní epo. Irọ́ ni. Àwọn ìràwọ̀ ìsọ̀rí O, B, A, F, G, K àti M nìkan ni ọkọ̀ lè fa epo lára wọn. Èmi fò lọ sí ìdí ìràwọ̀ bàìbàì kan tí kò sí nínú wọn, epo sì tán mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn Fuel Rats ló yọ mí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá géèmù bíi tiwa, tí wọ́n ti ń gbé epo lọ bá ẹni tó bá há láti ọdún 2015. Ẹni méjì ló wá. Wọ́n fún mi lépo, wọ́n kí mi, mo béèrè iye tí n ó san, wọ́n ní kò sí owó kankan. Àwọn tí kò gbọ́ èdè mi, tí wọn kò bi mí ní orúkọ bàbá mi. Ẹni tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n ló jà mí lólè.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ó pè ní «ọ̀nà òwò àṣírí». Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ibùdó Hutton Orbital ní ìdí ìràwọ̀ Alpha Centauri. Ẹni tó bá mọ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lóòótọ́, Alpha Centauri kò jìnnà sí Oòrùn wa, kò pé ọdún ìmọ́lẹ̀ márùn-ún (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan). Mo kó ẹrù kún ọkọ̀ Type-6 mi, ọkọ̀ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣòwò kí n tó lè rà, mo sì fò débẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí ìràwọ̀ ńlá ni géèmù máa ń gbé ènìyàn já sí, ibùdó Hutton sì wà ní ìdá 0.22 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí ibẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rìn ín ní tààrà. Mo jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Wọ́n mú iná lọ, inverter gbà á, bátìrì tó yẹ kí n ti pààrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ mi wá béèrè pé, «Dádì, ṣé ọkọ̀ yín kò rìn ni?» Mo ní ó ń rìn. Ó ju wákàtí kan lọ dáadáa kí n tó rí ibùdó náà, ẹrù tó ní kí n kó lọ kò sì mú èrè kan wá. Ìgbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn àgbà inú géèmù ni wọ́n wá sọ fún mi pé eré tí wọ́n ti ń fi àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ṣe tipẹ́ ni, pé wọn a máa parọ́ fún wọn pé wọ́n ń pín Anaconda, ọkọ̀ ńlá olówó gọbọi, lọ́fẹ̀ẹ́ ní Hutton. Eré tí àwọn kan ń fi rẹ́rìn-ín lásán ni ó tà fún mi. Bí mo bá sì ti wo Inara ṣáájú, lọ́fẹ̀ẹ́, yóò ti kọ ọ́ síwájú mi pé ibùdó náà jìnnà ju mílíọ̀nù 6 ìṣẹ́jú-àáyá ìmọ́lẹ̀ lọ. Iye ọjà sì ń yí padà bí àwọn ènìyàn ṣe ń rà tí wọ́n ń tà, nítorí náà ọ̀nà òwò tí a kọ sínú ìwé fún títà ti gbó kí yíǹkì ìwé náà tó gbẹ.

Mo bínú, mo kọ̀wé sí i pé kí ó dá owó mi padà. Níbí yìí ni mo ti ṣe ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Ó bẹ̀ mí, ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó ní ètò náà kò tíì «so mọ́» àkáǹtì mi ni, pé bí mo bá fún òun ní ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù Frontier mi, òun yóò so ó, iye ọjà yóò sì máa wọlé bó ṣe yẹ. Ó ní kí n pa antivirus. Mo pa á. Mo fún un ní páásíwọ́ọ̀dù. Nígbà tí Frontier fi nọ́ńbà ìfìdímúlẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, mo ka nọ́ńbà náà fún un lórí fóònù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sọ fún mi pé n kò lọ́gbọ́n. Mo ti jí láti aago márùn-ún ìdájí lọ́jọ́ yẹn, mo dé láti ibi iṣẹ́ tó rẹ̀ mí, ẹni tó sì ti ń kí àwọn ọmọ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Inú mi sọ fún mi nígbà tí mo ka nọ́ńbà kẹta, mo sì ka èyí tó kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lè wọlé mọ́. Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, mo ti fi rìsíìtì tí mo fi ra géèmù ránṣẹ́, mò ń dúró de èsì.

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ó ṣe, kí n má fi ìbínú gbàgbé. Orí GitHub EDCD ni kí ẹ ti gba EDMarketConnector àti EDDI, kì í ṣe lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ lo Inara fún iye ọjà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fi iye náà sílẹ̀ kẹ́yìn, àti jíjìnnà ibùdó, àti bí pápá ìbalẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Bí EDMarketConnector gidi bá fẹ́ kí ẹ wọlé, ojú-ewé Frontier fúnra wọn ló máa ṣí nínú browser yín, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ má ka nọ́ńbà ìfìdímúlẹ̀ fún ẹ̀dá kankan. Ẹ má pa antivirus. Ó tán.

Mo mọ̀ pé àfikún kan wà tí wọ́n ń tà ní tòótọ́, irú VoiceAttack tí ènìyàn fi ń pàṣẹ fún ọkọ̀ pẹ̀lú ohùn, ọwọ́ àwọn tó ṣe é ni wọ́n sì ti ń rà á. Èmi ní tèmi, n kò fẹ́ rí olùtajà kankan mọ́, ìbáà ṣe olóòótọ́. Mo sì ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn kan láàárín wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ «Àpò Ìmọ̀» yìí, ẹni mẹ́ta ló kà á tí wọ́n dákẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti mọ ọkùnrin náà tipẹ́, òun kàn kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀! Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ.

Ìdí tí mo fi kọ èyí lónìí ni pé ọkùnrin náà ti yí nọ́ńbà àti orúkọ padà, ó sì ti tún ń polówó ọjà náà ní ₦50,000. Lábẹ́ ìpolówó rẹ̀, ó fi àwòrán ọ̀rọ̀ oníbàárà kan sí i: «Ẹ ṣé gan-an, àbúrò mi. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Inú mi dùn láti rí i ní Yorùbá.» Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà, ní alẹ́ Jímọ̀ tí mo sanwó, kí n tó tú fáìlì náà wò.