Áàpù Àhesọ Káràkátà Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Obìnrin: Ojú Ìwé Tí Ó Dára Jù Lọ Ni Wọ́n Fi Pamọ́

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni áàpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ní òun ń ṣe: ó ń kó gbogbo àhesọ pé agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan fẹ́ kúrò ní ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òmíràn jọ sí ojú kan, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí orí fóònù ẹni, ó sì ń gba àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù láàyè láti sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó bá lè fara da ìpolówó. Ẹni tí kò bá lè fara dà á yóò máa san owó oṣooṣù. Mo ti lò ó la sáà káràkátà àárín ọdún àti ti oṣù Kìn-ín-ní kọjá. Ó yára, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ ń gbé síwájú wa kọ́ ni ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀.

Bí àhesọ tuntun bá ti dé, fóònù yóò dún. Ẹ ó rí àwòrán agbábọ́ọ̀lù náà, àmì ẹgbẹ́ tí ó wà, ọfà kan, àti àmì ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ó ń lọ. Lábẹ́ wọn ni iye owó tí wọ́n ń pè wà, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Lábẹ́ owó náà ni ọ̀pá ìwọ̀n kan tí ó máa ń pọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ṣì jẹ́ gbọ́yìí-sọ̀yìí, tí ó sì máa ń yí sí àwọ̀ ewé bí wọ́n bá gbà pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ojú mẹ́rin ni ó ń wo ni: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ó tẹ ọ̀kan nínú wọn, áàpù náà yóò sì fi èyí tí àwọn yòókù tẹ̀ hàn yín. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ní kí á máa sunkún kí wọ́n tó sọ ìdí ẹkún fún wa.

Ọ̀pá ìwọ̀n yẹn ni kí á kọ́kọ́ mú. Àlàyé tí àwọn tí wọ́n ṣe áàpù náà kọ sí abala ìrànlọ́wọ́ ni pé iye ilé ìròyìn tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ kan ni ó ń tì í sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo náà ni gbogbo wọn. Àwọn oníròyìn tí bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò tíì pọ̀ tó ti àwọn ọkùnrin rárá, nítorí náà gbólóhùn kan tí ẹnì kan kọ ní àárọ̀ lè ti di ìròyìn ní ọ̀pọ̀ ibi kí ilẹ̀ tó ṣú, tí gbogbo wọn yóò sì máa tọ́ka sí ara wọn. Lójú áàpù yìí, ọ̀rọ̀ ti dájú nìyẹn. Èmi náà mọ̀ pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àwọn àhesọ kan ní orísun gidi: ó lè jẹ́ aṣojú agbábọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ mọ bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀rọ̀ fi jáde yàtọ̀ sí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀pá ìwọ̀n yìí kò sì ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní ti owó tí wọ́n fi sí òkè, mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Láàárín ọdún díẹ̀ ni káràkátà yìí yí padà. Nígbà tí Pernille Harder kúrò ní Wolfsburg lọ sí Chelsea ní 2020, owó tí ìròyìn ní ó lé ní 250,000 pọ́ọ̀nù ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní 2022, wọ́n ní Barcelona san nǹkan bíi 400,000 pọ́ọ̀nù fún Manchester City lórí Keira Walsh. Ní oṣù Kejì 2024, Racheal Kundananji, ọmọ Zambia, kúrò ní Madrid CFF lọ sí Bay FC ti Amẹ́ríkà ní owó tí ó lé ní 780,000 dọ́là. Oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni Naomi Girma ti San Diego Wave, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, lọ sí Chelsea, tí ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí owó rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọdún náà kò tíì parí tí Arsenal fi san mílíọ̀nù kan pọ́ọ̀nù fún Liverpool lórí Olivia Smith, tí Orlando Pride náà sì san mílíọ̀nù 1.5 dọ́là fún Tigres lórí Lizbeth Ovalle. Ẹni tí ó bá ka àwọn iye wọ̀nyí nìkan yóò gbà pé owó ni ọ̀gá ọ̀rọ̀.

Àmọ́ nínú ìṣirò FIFA fún 2024, agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí wọ́n kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn lé ní 2,000, gbogbo owó tí àwọn ẹgbẹ́ san fún ara wọn lórí wọn kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 15.6 dọ́là lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ń san iye tí ó ju ìyẹn lọ lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí àdéhùn wọn parí. Àdéhùn wọn kì í sábà gùn, òfin FIFA sì gba agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kù tó oṣù mẹ́fà tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ láàyè láti bá ẹgbẹ́ mìíràn tọwọ́ bọ̀wé. Ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí, òun gan-an ni áàpù yìí sì fi pamọ́. Kí ẹ tó rí i, ẹ ó tẹ àwòrán agbábọ́ọ̀lù, ẹ ó kọjá iye góòlù, ẹ ó kọjá káàdì pupa àti yẹ́lò, ẹ ó kọjá ìpolówó méjì, kí ẹ tó bá a ní ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ. Ìlà yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo áàpù náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Alessia Russo. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, Arsenal fi owó tí ìròyìn ní kò tíì sí irú rẹ̀ rí lọ Manchester United lórí rẹ̀, United sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára owó yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: olówó ti dé, wọ́n ti lé e padà. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára àdéhùn mọ̀ pé oṣù Kẹfà ni ti Russo ń parí. Nígbà tí ó di oṣù Keje, Arsenal gbà á láìsan kọ́bọ̀ fún United. Vivianne Miedema náà kúrò ní Arsenal ní 2024 nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí, Manchester City ni ó sì gbà lọ. Ká ní áàpù yìí fi ọjọ́ àdéhùn sí ibi tí ó fi iye owó sí, ọ̀pọ̀ ojú ẹkún ni à bá má tẹ̀, a ó sì ti tẹ àwọn mìíràn tipẹ́ kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ń kọ ìròyìn.

Mo rí èyí dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ kan tí fóònù mi dún nítorí ọ̀kan nínú àwọn adẹ̀yìnmú ẹgbẹ́ tí mò ń tì lẹ́yìn. Àwọ̀ ewé ni ọ̀pá ìwọ̀n, owó gọbọi wà lórí rẹ̀, ojú ẹkún àti ojú ìbínú sì ti kún ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni obìnrin náà. Àwọn kan ní ẹ̀bi kóòṣì ni. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá àbá ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, àwọn mìíràn sì bá a jà lórí ìyẹn náà. Láàárín gbogbo ariwo yìí, ẹnì kan fi sùúrù kọ ọ́ pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun, ó sì kọ ọdún tí yóò parí. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo àhesọ náà ti pòórá lórí áàpù, àti tèébú àti tàlàyé, láìsí ìlà kan tí ó sọ pé irọ́ ni. Èyí ni ó bí mi nínú jù lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ta àhesọ yẹ kí ó máa tọ́jú àkọsílẹ̀ èyí tí ó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ, kí á lè mọ ilé ìròyìn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé. Àwọn àgbà ní òfófó kì í gba ẹgbàá, ọpẹ́ ni í mọ. Ti áàpù yìí ń gba owó ìpolówó lórí èyí tí ó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ bákan náà.

Àléébù mìíràn ni pé bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń wo bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni ó jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù ni à ń tẹ̀ lé, a kì í sì í bínú nígbà tí ó bá kó lọ síbòmíràn. A kàn ń kó tẹ̀ lé e ni. Ẹni tí ó fẹ́ràn Rasheedat Ajibade, tí ó sì mú Atlético Madrid nítorí rẹ̀, yóò máa gba ìròyìn Atlético títí di òní, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ti wà ní Paris Saint-Germain láti 2025. Ẹni tí ó ń wo Chiamaka Nnadozie láàárín òpó ní Paris FC yóò bá ìṣòro kan náà pàdé nígbà tí ó lọ sí Brighton ní ọdún kan náà. Àwọn tí wọ́n ń san owó oṣooṣù nìkan ni wọ́n gbà láàyè láti tẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, èmi kò sì rí ìdí rẹ̀ ju pé wọ́n mọ̀ pé ohun tí a nílò gan-an nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń sọ ohun tí kì í ṣe àhesọ di àhesọ. Bí orúkọ ẹnì kan kò bá sí nínú àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, áàpù yóò dún pé bóyá ó fẹ́ lọ. Orúnkún lè máa dùn ún. Ó lè lóyún, èyí tí kò kan ẹnikẹ́ni títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ ọ́. Láti 2021 ni òfin FIFA ti fún agbábọ́ọ̀lù ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 14, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Èsì àwọn olólùfẹ́ lábẹ́ irú ìròyìn báyìí ni ó burú jù, torí pé àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwòrán ìsinmi obìnrin náà wò, wọn yóò sì máa ka àwọn tí ó ń tẹ̀ lé lórí Instagram. Áàpù náà ní bọ́tìnnì tí a fi ń fẹ̀sùn kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́, n kò rí èsì kankan.

Ibi kan tí ó yẹ kí n yìn wọ́n ni kàlẹ́ńdà. Ó fi sáà káràkátà líìgì kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí sì ń la ohun púpọ̀ yéni. Líìgì Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ó ń parí ní oṣù Kọkànlá, nítorí náà oṣù Kìn-ín-ní tí àwọn ará Yúróòpù wà láàárín sáà wọn ni àwọn ará ibẹ̀ ń sinmi. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ìgbà yẹn ni Girma sọdá, tí Kundananji àti Asisat Oshoala sì wọ Bay FC ní oṣù Kejì 2024. Ó kù kí wọ́n fi kún un pé láti inú àdéhùn tí líìgì náà bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ní 2024, àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ kò lè fi agbábọ́ọ̀lù ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà, torí pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tí wọ́n ń bú ẹgbẹ́ kan pé ó ti ta obìnrin tí ó fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún un. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ pa ariwo àhesọ, kí ẹ sì ṣí ìránnilétí tí wọ́n pè ní «àdéhùn ń parí» sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ètò ni ó wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń dún nígbà tí agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ yín bá wọ oṣù mẹ́fà tí ó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé ọjọ́ àdéhùn lọ sí òkè, tí wọ́n sì dá àkọsílẹ̀ àhesọ tí ó já sí irọ́ padà, màá fi ìràwọ̀ kẹrin kún un. Títí di ìgbà náà, n kò ní san owó oṣooṣù wọn.