Ojú káàdì méjì ni mo wá dé ọ̀dọ̀ Canon R6

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi kámẹ́rà Canon 6D tòkunbọ̀ ya fọ́tò ìgbéyàwó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. N ò ní í bú u, òun ló bọ́ mi. Àmọ́ ojú káàdì, ibi tí à ń ki káàdì tó ń tọ́jú fọ́tò sí, kan ṣoṣo ló ní. Lọ́jọ́ ìdána kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, káàdì yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí ẹbí ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ ló bá a lọ. Ìyá ìyàwó ò bá mi jà, ó kàn ń wò mí ni. Mo dá ìdajì owó wọn padà.

Nígbà tí mo wá fẹ́ ra mirrorless, kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò ní dígí nínú bíi ti 6D, Canon R8 ni gbogbo wọn ń júwe fún mi. Kámẹ́rà gidi ni: ọdún 2023 ló jáde, megapixel 24, kò sì tó ìdajì kílò lọ́wọ́. Ẹni tó ń tà á gbé e fún mi, mo dojú ẹ̀ dé, mo ṣí ìdí ẹ̀ níbi tí bátìrì ń wọ̀. Káàdì kan! Mo rọra gbé e padà fún un.

R6 ti ọdún 2020 ni mo rà, tòkunbọ̀ náà ni. Megapixel 20 péré, bíi ti 6D. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, kí la wá tún rà?" Mo ní kó ka ojú káàdì ẹ̀. Méjì ni: fọ́tò kan náà lè wọ káàdì méjèèjì, bí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà. Àwọn bátìrì LP-E6 mẹ́rin tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà wọ inú ẹ̀. Ẹni tí kì í rí iná lò ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Adapter kan ṣoṣo, ohun tó ń so lẹ́ńsì 6D mọ́ R6, ni mo rà kún un, lẹ́ńsì mi àtijọ́ sì ń ṣiṣẹ́.

Bó ṣe ń fúnra ẹ̀ wá ojú èèyàn rí ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ìyàwó kan tẹrí ba, gèlè aṣọ òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó lójú, síbẹ̀ àpótí kékeré inú kámẹ́rà, tó ń fi ibi tí fọ́tò máa mú hàn, lẹ̀ mọ́ ẹyinjú kan tó hàn, kò yẹ̀. Tó bá jẹ́ 6D, mo lè yà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀kan tó mú.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó: tí mo bá pa ohùn ẹ̀ nítorí àdúrà, iná LED àwọn gbọ̀ngàn kan máa ń fa ìlà dúdú sára fọ́tò. Mo ti jẹ́ kó máa ró. Pásítọ̀ á fara dà á.

N ò ta 6D. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń lò ó, ọjọ́ ìbí nìkan.