Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní òun máa gbé ọmọ ajá pàdé yín ní Gbọ̀ngán

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà tí ẹ ń wá ọmọ ajá rà, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkùnrin kan bá ní kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú wá sí Ìbàdàn, pé òun máa gbé e wá bá yín ní ìkóríta Gbọ̀ngán, ẹ má lọ. Èmi lọ. Ọjọ́ kẹfà ni mo gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé mi.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tó fún mi gan-an, mi ò rò pé tiẹ̀ ni. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Orí Facebook ni mo ti rí i. Ó ní òun ń sin German Shepherd ní Ìbàdàn. Ó fi àwòrán ìyá ajá ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ajá tó dùn ún wò, ó jókòó síwájú kẹ́ẹ̀gì omi aláwọ̀ búlúù kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì yẹn. Mo ní mo fẹ́ wá fojú ara mi rí i. Ó ní, "Ẹ̀yin Mọ́mì, ṣé ẹ ò mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí ni? Mo ń bọ̀ lápá ibẹ̀ ní Sátidé, ẹ jẹ́ ká pàdé ní Gbọ̀ngán." Ká má purọ́, inú mi dùn. Ẹni tó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Ifẹ̀ dé Ìwó Road rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fi ₦50,000 ránṣẹ́ ní àsansílẹ̀, mo sì ka ₦100,000 tó kù fún un lẹ́bàá títì nígbà tó gbé páálí kan jáde látinú búùtù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tó fi wakọ̀ lọ. (Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ gbọ́ iye owó náà, ó ní Ògún gan-an ò ra ajá lówó bẹ́ẹ̀ rí.)

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló pè é. Dókítà ẹranko la ẹnu rẹ̀, ó ní bóyá ló ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì jáde tán. Ikùn rẹ̀ tó yọ róbótó, tí mo rò pé ó yó ni, aràn ló kún inú rẹ̀.

Àmọ́ káàdì àjẹsára gan-an ló tú u fó, tí mo bá tètè kà á ni. Déètì tó wà lórí rẹ̀ fi hàn pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ká pàdé ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká tiẹ̀ gbà pé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni lóòótọ́, á jẹ́ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ni nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Kò sí dókítà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ààbò tó bá wàrà ìyá rẹ̀ wá máa ń sọ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dasán nígbà míì. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti gba ti dìgbòlugi, èyí tó jẹ́ pé bí ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń gún un. Kò sí sítíkà tí wọ́n máa ń bó lára ìgò oògùn, kò sí òǹtẹ̀ dókítà. Báírò lásán ni.

Lóru ọjọ́ kejì ó kọ oúnjẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú òórùn kan tí mi ò lè gbàgbé. Pávò ni, àìsàn ajá kan tó máa ń ràn, tó sì máa ń pa ọmọ ajá. Dókítà ní àìsàn yẹn sábà máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí méje lára ajá kó tó fojú hàn, nítorí náà ó ti kó o kó tó wọnú páálí. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní omi ilé mi ni. Nígbà tí mo tún pè, ó ti bulọ́ọ̀kì mi. Ọmọ mi ti sọ ajá náà ní Tanímọ̀la.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀nà jíjìn ni mo sá fún. Ní báyìí, mi ò fi kìlómítà wọn nǹkan mọ́. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ṣé mo lè lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Lẹ́ẹ̀kíní, ọwọ́ òfo, kí n rí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ibi tí wọ́n ń sùn. Lẹ́ẹ̀kejì, kí n lọ gbé e. Iléṣà ò ju bí 30 kìlómítà lọ sí Ifẹ̀, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Òṣogbo náà rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn á gba odindi ọjọ́ kan, àmọ́ mo lè fara dà á, mo ṣáà máa ra dòdò Ìkirè bọ̀. Èkó ni mi ò ní lọ. Mo mọ ara mi: bí mo bá jìyà ọ̀nà débẹ̀, mi ò ní lè padà lọ́wọ́ òfo, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú mi ni màá gbé. Pé ó wà nítòsí náà ò sì ní kó dáa o. Ẹnì kan wà ládùúgbò wa tí ajá rẹ̀ kì í sinmi lóyún.

Oṣù tó kọjá, mo rí obìnrin kan ní Ìbàdàn tó ní abo ajá méjì péré. Ìbéèrè ló fi pàdé mi: ṣé ilé mi ní fẹ́ǹsì, ta ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án, ṣé mo máa so ó mọ́lẹ̀ ni? Àfi bíi pé mo wá tọrọ ìyàwó. Ó ní bó bá di ọjọ́ kan tí mi ò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, kí n dá a padà fún òun. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé pávò wọ ilé mi, ó sì gbà láti bá mi mójú tó ọmọ ajá tí mo máa gbé lọ́wọ́ rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi pé, torí kòkòrò yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan. Mo ti fi Hypo fọ gbogbo ibi tó jẹ́ símẹ́ńtì, àmọ́ ta ló lè fọ erùpẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ bá máa gbé tiyín kí abẹ́rẹ́ tó pé, ẹ má ṣe jẹ́ kó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ní gáréèjì kankan lójú ọ̀nà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí lónìí ni pé ẹnì kan ní Iléṣà fi àwòrán ajá kan hàn mí lánàá, ó ní kí n bá òun wò ó. Orúkọ ẹni tó ń tà á yàtọ̀, nọ́ńbà yàtọ̀, ó ní Òṣogbo lòun wà báyìí, òun sì lè gbé e wá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo fẹ àwòrán náà lójú. Kẹ́ẹ̀gì búlúù yẹn wà lẹ́yìn ajá náà, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́.